Okùn Ìwọ̀ Tí Ó Já Ní Odò Òṣìn

Ẹni tí kò bá rí odò Òṣìn ní ìgbà òjò lè rò wípé okùn ìwọ̀ kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Èmi pẹ̀lú rò bẹ́ẹ̀ nígbàtí mo jẹ́ ọmọ ilé-ìwé ní Òmù-Àrán.

Ní àkókò ìsinmi kan, èmi àti àbúrò mi bá ẹ̀gbọ́n bàbá wa lọ sí bèbè odò náà. Omi ti kún, ó sì ń ṣàn tagbára-tagbára sí ìhà Odò Ọya. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹja àrọ̀ wà; bí ìjẹ kò bá ní òjé, omi yíò ti gbé e lọ kí ó tó rì. Mo so òjé mẹ́ta mọ́ okùn ọ̀rá tín-ín-rín tí mo rà lọ́jà, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá ọparun mú, mo sì fì í pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Okùn já. Ìwọ̀ fò padà sẹ́hìn, ó sì kọ́ àbúrò mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, lábẹ́ ojú òsì gan-an. Ilé ìwòsàn ni a ti yọ ọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá."

"Ọwọ́ rẹ lágbára ju okùn rẹ lọ," ni ó wí. Kò nà mí. Ìbá sàn kí ó nà mí. Ó mú okùn tí ó nípọn, ó wọ̀n ọ́n ní ìlọ́po méjì gígùn ọ̀pá, ó sì so ó sí àárín òjé àti okùn tín-ín-rín. Èyí tí ó nípọn ni yíò gba ìjà ọwọ́. Èyí tí ó tín-ín-rín ni omi kò ní rí gbá mú.

Nígbàtí mo di olùkọ́, mo kà nípa àwọn apẹja odò Spey ní ilẹ̀ Skọ́tílándì. Ọwọ́ méjì ni àwọn náà fi ń di ọ̀pá mú. Ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n ń dì mọ́ ìwọ̀, kò wúwo rárá, nítorínáà okùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń jù. Kí ó lè rì, a máa ń po lẹ́búlẹ́bú tungsten, irin tí ó wúwo ju òjé lọ, mọ́ ìpẹ̀kun okùn wọn. Bí ìpẹ̀kun náà bá ti wúwo tó ni okùn tí yíò fà á gbọ́dọ̀ wúwo tó, bíbẹ́ẹ̀ kọ́ yíò já lulẹ̀ lágbedeméjì ọ̀nà. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí Bàbá kò ka ìwé kankan.

Àpá náà ṣì wà lójú àbúrò mi. A jọ ń lọ sí odò síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé ọ̀pá sókè, kì í dúró lẹ́hìn mi.