Ìta Ni Kí Ooru Balùwẹ̀ Jáde Sí

Ní Festac àti láwọn àdúgbò Amuwo-Odofin yòókù ní Èkó, ó ṣọ̀wọ́n kí èèyàn máa tún balùwẹ̀ ṣe lóde òní kó má ronú kan fáànù kékeré tó ń fa ooru jáde, èyí tí àwọn oníná ń pè ní extractor. Wọ́n á rà á, wọ́n á kàn án mọ́ àjà, á sì máa dún nígbàkigbà tí wọ́n bá tẹ súìṣì. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé, kí òjò ọdún kejì tó dá, igun àjà á ti dúdú, ọ̀dà á ti máa bó, aṣọ ìnura á sì máa rùn bí ẹni pé wọn ò sá a rí. Ẹjọ́ náà kì í pẹ́ dé ọrùn fáànù: wọ́n á ní kì í ṣe ojúlówó, wọ́n á sì gba ọjà Alaba lọ láti ra òmíràn tó wọ́n jù ú lọ. Èrò tèmi ni pé ẹjọ́ fáànù kọ́. Ní ìlú etí òkun bíi tiwa, fáànù kò lè mú kí ilé gbẹ, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà níta gan-an kò gbẹ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó lè ṣe ni kó gbé ooru omi ìwẹ̀ síta kó tó ráyè di omi lára ògiri. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ibi tí páìpù fáànù parí sí, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, àti ìgbà tí à ń tàn án ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀ lọ.

Ká kọ́kọ́ rántí irú ìlú tí Festac jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ láti gba àlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú tó wáyé láti 15 oṣù kìíní sí 12 oṣù kejì ọdún 1977. Nǹkan bí 5,000 ilé ni wọ́n kọ́, wọ́n sì la òpópónà ńlá méje, láti First Avenue dé Seventh Avenue. Nígbà tí àjọ̀dún parí, wọ́n fi ìbò pín àwọn ilé náà fún ọmọ Nàìjíríà. Lásìkò yẹn, fèrèsé lúfà onígíláàsì ló wọ́pọ̀ nínú ilé wa. Èèyàn lè dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tọ̀sán-tòru kí atẹ́gùn máa wọlé, kí òjò má sì wọlé. Ìmọ̀ pé atẹ́gùn ló ń gba ilé là ní ilẹ̀ olóoru tó lọ́rinrin ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew ń ya àwòrán ilé Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n ṣe àwọn ilé náà ní tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n kọjú wọn sí ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wá, wọ́n sì fi bíríkì oníhò ṣe ara ògiri; ní 1956, wọ́n gbé ìwé jáde lórí irú ilé kíkọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ti ṣe sí ọ̀nà atẹ́gùn láti ìgbà náà. A ti yọ lúfà, a fi fèrèsé alumíníọ́ọ̀mù tí ìdajì rẹ̀ kì í ṣí rọ́pò. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí eruku ti dí ló wà lójú ìdajì tó ṣí. Yàrá àti ṣọ́ọ̀bù tí a fi kún ilé ti bo fèrèsé balùwẹ̀ aládùúgbò, ọ̀pọ̀ balùwẹ̀ inú yàrá tí à ń kọ́ lónìí kò sì ní fèrèsé rárá. Ìdí nìyí tí mi ò fi ka fáànù sí fáàrí. Gbèsè ni, èyí tí a jẹ látàrí ọ̀nà atẹ́gùn tí a fọwọ́ ara wa dí.

Bí a bá fẹ́ san gbèsè náà bó ṣe yẹ, a ní láti mọ bí omi ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ máa ń gbé omi tí ojú kò rí, bó bá sì ṣe gbóná sí ni èyí tó lè gbé ṣe ń pọ̀ sí. Ká wọn afẹ́fẹ́ tó kún àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kan-kan: ní 35°C, ó lè gbé tó gíráàmù 40 omi, ní 24°C, kò lè gbé ju bíi 22 lọ. Ìyókù gbọ́dọ̀ wá ibi bà lé, ohun tó bá tutù jù lọ nítòsí ló sì máa ń bà lé, bí omi ṣe máa ń yọ lára ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde láti inú fíríìjì. Ní àsìkò òjò, afẹ́fẹ́ Èkó fúnra rẹ̀ sábà máa ń gbé ju gíráàmù 20 lọ, tó fi jẹ́ pé ògiri tó bá tutù dé 22°C á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn kí ẹnikẹ́ni tó da omi gbígbóná sí korobá. Níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ sí ti ìlú òyìnbó nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwọn, ògiri tó kọjú síta ni òtútù máa ń mú. Lọ́dọ̀ tiwa, ògiri tó wà láàárín balùwẹ̀ àti yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ mọ́jú ló máa ń tutù. Ẹni tó bá yí ẹ̀rọ náà sí 18, tó jí láàárọ̀, tó lọ fi omi gbígbóná wẹ̀ ní ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an, ti pèsè ibùsùn sílẹ̀ fún èébu.

Ohun tó tẹ̀lé èyí ni pé ìgbà tí à ń tan fáànù ní ìwọ̀n. Òfin ilé kíkọ́ ní England ní kí fáànù balùwẹ̀ máa gbé ó kéré tán lítà 15 afẹ́fẹ́ jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kó sì máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí a bá ti pa iná níbi tí kò bá sí fèrèsé tó ń ṣí. Àṣẹ náà dára, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òtútù ìta ló gbọ́kàn lé: bí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wọlé tó sì gbóná, á gbẹ, á sì gbé ọ̀rinrin ilé lọ. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ni àwa ń rí afẹ́fẹ́ tó gbẹ, kì í sì í pẹ́ lọ. Ẹni tó bá wá fi fáànù sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ nínú oṣù kẹfà, pẹ̀lú èrò pé bó bá ṣe pẹ́ tó ni ilé á ṣe gbẹ tó, ń fa afẹ́fẹ́ tútù tí ẹ̀rọ amúlétutù ti gbẹ síta ni, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún ọ̀rinrin láti wọlé dípò rẹ̀. Kí a tàn án kí a tó da omi sára, kí a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìwẹ̀, kí a sì pa á. Omi tó kù nílẹ̀ àti lára táìsì, aṣọ àti ọ̀pá tí a fi ń nu ilẹ̀ ni kó kó o.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni ibi tí páìpù parí sí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, kò sí páìpù rárá: wọ́n kàn lu àjà, wọ́n fi fáànù sí i, ooru sì ń tú sókè sáàárín àjà àti òrùlé. Ìṣòro náà kò lọ síbì kankan, ó kàn ṣí lọ sí ibi tí ojú kò tó ni. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, páànù òrùlé máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ooru ìwẹ̀ alẹ́ á di omi lábẹ́ rẹ̀, á máa kán sórí àjà, á máa jẹ igi, á sì mú kí ìṣó dípẹtà. Tiwa tún le sí i nítorí pé omi ọ̀sà àti òkun kò jìnnà sí wa, iyọ̀ tó wà nínú atẹ́gùn sì ń bá ọ̀rinrin lọ́wọ́ láti jẹ irin. Nítorí náà, kí páìpù la ògiri kọjá sí gbangba. Kó kúrú, kó ṣe tààrà, kó dẹ̀ sọ́nà ìta díẹ̀ kí omi tó bá dì sínú rẹ̀ má ṣàn padà sórí mọ́tò. Kí ìdérí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ nítorí òjò, aáyán àti ọmọńlé. Kí ara fáànù jẹ́ ike, kí ìṣó oníyíyí rẹ̀ sì jẹ́ irin tí kì í dípẹtà. Ìdí mìíràn tún wà tí ògiri fi sàn ju àjà lọ. Láyé tí wọ́n kọ́ Festac, páálí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wọ́pọ̀ fún àjà ní Nàìjíríà. Eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Àjà tí a kò bá mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, kò yẹ kí a fi ayùn kàn án.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò lè jáde níbi tí òmíràn kò ti lè wọlé. Àwọn àgbà ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣe ń wo àjà tó dúdú, tí a kì í wo ìdí ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ ká mú balùwẹ̀ kan tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní mítà 1.5, tí àjà rẹ̀ ga ní mítà 2.7. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ju mítà kúbíìkì 8.1 lọ. Fáànù tó lè gbé mítà kúbíìkì 90 ní wákàtí kan á pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ bí ìgbà 11 láàárín wákàtí náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pinpin, tí fèrèsé sì wà ní títì, fáànù á kàn máa yí ni. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lábẹ́ ilẹ̀kùn ló ń yanjú èyí, káfíńtà sì lè fi ayùn ṣe é kí ọ̀sán tó pọ́n. Ewu kan tún wà níbi ọ̀rọ̀ yìí tí kò ṣeé fojú fò. Fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta ń fa òmíràn wọlé láti ibikíbi tó bá ti ráyè, bí jẹnẹrétọ̀ bá sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ fèrèsé tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èéfín rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọlé. Carbon monoxide inú èéfín yẹn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí oníná tó fa wáyà kankan.

Àwọn kan á ní kí ni ti fáànù, nígbà tí àwọn bàbá wa wẹ̀ láìní i, tí ara wọn sì le. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n balùwẹ̀ wọn wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí páànù yí i ká, ojú ọ̀run sì ni òrùlé rẹ̀. Kò sí àjà tí ooru máa bà lé. Ẹni tó bá ṣì ní fèrèsé balùwẹ̀ tó kọjú sí gbangba, tí atẹ́gùn sì ń gbà á kọjá, mo gbà pé kó ṣí i, kó sì fi owó rẹ̀ pamọ́: fèrèsé rere ju fáànù lọ. Àwa tí a gbé balùwẹ̀ wọ inú yàrá, tí a sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ni a kò lè fi tiwọn ṣe àwáwí. Àwọn mìíràn á ní iná kò sí. Ìyẹn náà ní ìdáhùn. Fáànù tó ń jẹ iná wáàtì 20, tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan lójúmọ́, kò ní jẹ ju yúnìtì 0.6 lọ lóṣù. Kódà ní iye ₦225 tí wọ́n gbé yúnìtì kan lé fún àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù lọ, ní oṣù kẹrin 2024, ₦135 péré ni. Ínfátà kékeré tàbí sólà lè gbé e láìwúwo. Ohun tí kò yẹ kí a fi ṣe àwìn ni ààbò: kí wáyà ilẹ̀ wà lára rẹ̀ bí irú fáànù náà bá ń béèrè rẹ̀, kí súìṣì sì wà ní ìta ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ tútù kò ti ní kàn án.

Àtakò tó gbilẹ̀ jù ni pé ọ̀dà tó ń lé èébu àti táìsì tó ga dé àjà ti tó. Ẹ̀tẹ̀ ni à ń fi sílẹ̀ báyẹn, tí à ń pa làpálàpá. Ọ̀dà lè mú kí èébu pẹ́ kó tó hù, táìsì sì lè dáàbò bo símẹ́ńtì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń gbé omi síta nínú méjèèjì. Omi tí kò rí ògiri balùwẹ̀ mu á gba ẹnu ọ̀nà lọ sí yàrá, á sì wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ yìí sì ju ẹwà ilé lọ. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde lórí ọ̀rinrin àti èébu nínú ilé, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé àwọn tó ń gbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu àìsàn èémí ju àwọn mìíràn lọ, àti pé ó ń mú kí ikọ́ fée le sí i. Àwọn ọmọdé àti arúgbó tó ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ilé ni ó kọ́kọ́ ń bá jà.

Nítorí náà, kò yẹ kí ẹrù yìí wà lórí ayálégbé nìkan, ẹni tí kò láṣẹ láti lu ògiri onílé. Onílé tó bá kọ́ balùwẹ̀ láìní fèrèsé ni ó yẹ kó fi fáànù àti páìpù sí i kó tó gba owó ilé, kí ayàwòrán ilé sì fi ihò páìpù náà sínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí kò tíì ná ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ẹni tó bá sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníná, kó má fi ariwo mọ́tò ṣe ẹ̀rí. Kó ti ilẹ̀kùn, kó gbé ewé tíṣù kan sẹ́nu fáànù wò bóyá á lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà kó jáde síta, kó na ọwọ́ sí ẹnu páìpù, kó sì mọ̀ ọ́n lára bóyá atẹ́gùn ń jáde. Bí tíṣù bá jábọ́, kó wo ìdí ilẹ̀kùn. Bí kò bá sí atẹ́gùn níta, tàbí tí kò tilẹ̀ rí ẹnu páìpù kankan níta, iṣẹ́ kò tíì parí, kò sì tíì yẹ kó san owó tó kù.