Ẹni Tó Fi Orúkọ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Kọrin

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ kúrò nílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti dárúkọ furry láàárín àwọn ẹgbẹ́ wa, ohun tó máa ń wá sọ́kàn èèyàn ni àgbàlagbà tó wọ aṣọ onírun, tó ti orí bọ inú orí ajá, tó ń jó ní gbangba. Ẹ̀rín á sọ. Kì í ṣe irọ́ o. Wọ́n ń wọ̀ ọ́, wọ́n sì ń jó. Àmọ́ orin wo ni wọ́n ń jó sí? Ta ló ṣe é? Ìbéèrè yìí ló fà wá wọlé, torí pé orin pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì, àwọn fúnra wọn ló sì ń ṣe é.

Ní ṣókí, àwọn furry ni àwọn tó fẹ́ràn ìtàn àti àwòrán ẹranko tó ń ṣe bí èèyàn: ẹranko tó ń sọ̀rọ̀, tó ń wọ ṣòkòtò, tó ń jẹ gbèsè. Kò yẹ kó ṣàjèjì sí àwa tí wọ́n fi àlọ́ Ìjàpá tọ́ dàgbà. Àpéjọ àkọ́kọ́ tó jẹ́ tiwọn gédégédé wáyé ní California ní ọdún 1989. Eurofurence bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1995. Anthrocon, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ti ń ṣe tirẹ̀ ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà láti 2006, àwọn tó sì wá síbẹ̀ ní 2023 lé ní 10,000. Aṣọ onírun yẹn lè gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní in. Ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ ní ni fursona: ẹranko kan tí èèyàn yàn fún ara rẹ̀, tó fún ní orúkọ, àwọ̀ àti ìwà.

Ibi orúkọ yẹn ni orin ti wọlé.

Ohun tó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni pé kò sí ìlù kan tí èèyàn lè nàka sí pé "orin furry nìyí." Kò dà bíi fújì tàbí jùjú, tí ìlù á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dún tí etí á ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú orin náà ni kò tiẹ̀ dárúkọ ẹranko rárá. Ẹni tó ṣe é àti àwọn tó ṣe é fún ló sọ ọ́ di tiwọn. Fox Amoore, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó ti dùùrù, ó ń ṣe orin tó dà bí èyí tó máa ń dún lábẹ́ fíìmù. Pepper Coyote gbé gìtá ní tirẹ̀, ó ń kọ rọ́ọ̀kì.

Èyí tó dá wa dúró jù ni Emma Essex. Ẹnì kan ṣoṣo ni, àmọ́ orúkọ tó fi ń gbé orin jáde pọ̀, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹranko tirẹ̀ àti ìlù tirẹ̀. Tó bá jẹ́ Renard, ìlù á máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Tó bá jẹ́ Kitsune², ohùn géèmù àtijọ́ lẹ máa gbọ́. Renard ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní èdè Faransé. Kitsune ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní èdè Jàpáànì. Ilé tó kó wọn jọ sí nígbà kan, LapFox ló pè é. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ló tún wà níbẹ̀!

Àwa mẹ́rin la jọ ń gbọ́ orin wọ̀nyí. Ọ̀kan nínú wa ti ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, inú fódà kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Kò gbé ìkankan jáde. Orúkọ rẹ̀ ni orúkọ bàbá rẹ̀, orúkọ tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀, tí àwọn àǹtí ń wá lórí Facebook. Orin nípa òru tí oorun ò kun èèyàn, ta ló fẹ́ fi orúkọ ìdílé kọ ọ́? Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn furry wo ara wọn, wọ́n sì sọ ara wọn lórúkọ.

Ẹnì kan lè ní ìfarapamọ́ lásán nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fara pamọ́ kì í kọ orúkọ sí báàjì kó tó wọ àpéjọ. Orúkọ yẹn ni wọ́n á fi kí i, òun ni wọ́n á fi ra orin rẹ̀ lórí Bandcamp, òun ni ayàwòrán á gbọ́ kó tó ya èèpo àwo orin fún un, tí òun náà á sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Lálẹ́ àpéjọ, tí DJ bá ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tó wọ aṣọ onírun á jó títí ooru á fi lé wọn lọ sí yàrá kan tí fáànù àti omi wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ orí ẹranko sílẹ̀ kí wọ́n lè mí. Tí wọ́n bá mí tán, wọ́n á gbé e wọ̀, ó di ojú agbo.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó ti ọ̀dọ̀ Fox Amoore bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́, nígbà tí ilé bá parọ́rọ́. Kó fi Renard sílẹ̀ di ọjọ́ tó bá ń fọṣọ.

Ọ̀rẹ́ wa ní òun kì í ṣe furry, òun ò sì ní lọ mú ẹranko ẹlẹ́ranko. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó ti fi orin méjì ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ká bá òun wá orúkọ.