Mo Gbé Pákó Ọmọ̀ Lọ sí Múṣín

Bódìjà ni mo ti ra pákó náà. Ọmọ̀ ni, ó gbẹ dáadáa, ẹni tó tà á fi ìka kàn án kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Àwọn onílù àti agbẹ́gilére wa ti mọ igi yìí tipẹ́: ó fúyẹ́, kì í tètè là, ọ̀bẹ sì máa ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Ológun lórí ẹṣin ni mo fẹ́ kí a gbẹ́ sí i, kí a gbé e kọ́ sí pálọ̀ ẹbí wa, ẹ̀rọ CNC, ìyẹn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, ni mo sì fẹ́ kó ṣe é. Ẹ̀rọ náà wà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn àti orí bẹ́ẹ̀dì ni àwọn tí mo bá pàdé ń fi ṣe. Ẹnìkan ló júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún mi ní Múṣín.

Ọ̀nà Èkó kì í ṣe ohun ìròyìn mọ́: a sáré, a dúró ní Mówe, a tún sáré.

N kò tíì rí ilé náà tí mo ti ń gbọ́ igbe ẹ̀rọ. Orí kìnnìún ló kún ara ògiri, pẹ̀lú ẹṣin tó ń sáré àti Jésù pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́. Kìnnìún yẹn kì í ṣe àjèjì sí mi. Mo ti rí i ní Ìbàdàn, mo ti rí i ní Abẹ́òkúta, irun ọrùn rẹ̀ kò fi ẹyọ kan yàtọ̀, nítorí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn ti ń fà á sílẹ̀. Ká ra irinṣẹ́ olówó ńlá, ká wá máa fi gbẹ́ kìnnìún ẹlòmíràn, ó sú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí oníbàárà bá béèrè la ń ṣe," ni ọ̀gá wí. Ọmọkùnrin tí kò tíì tó ogójì ọdún ni. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi sáǹpépà ra igi. Iṣẹ́ agbẹ́gilére ni Bàbá kọ́ kí ẹ̀rọ tó dé.

Ẹ̀rọ náà rọrùn láti lóye ju bí mo ṣe rò lọ. Tábìlì rẹ̀ gba odidi pákó 1220 mílímítà sí 2440. Orí kan tó di bíìtì (irin tó ń gé igi) mú ń lọ sọ́tùn-ún àti sósì, síwájú àti sẹ́yìn, sókè àti sísàlẹ̀. Gbogbo ìrìn rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT lọ́dún 1952, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ han aráyé. Téépù bébà tí wọ́n lu ihò sí ló ń pàṣẹ fún un nígbà náà. Fláàṣì ni ọ̀gá kì bọ tiwa.

Mo rò pé fọ́tò ère nìkan ti tó, àfi ìgbà tí ọ̀gá ṣàlàyé fún mi. Ẹ̀rọ ń ka àwọ̀ láti funfun dé dúdú: funfun ni òkè, dúdú ni ìsàlẹ̀. Ipele 256 ló wà láàárín méjèèjì, tí a bá sì pín jíjìn mílímítà 25 sí wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ. Ṣùgbọ́n òjìji inú fọ́tò kì í ṣe jíjìn. Imú tí iná tàn sí á yọ ṣóńṣó, irùngbọ̀n dúdú á di kòtò. Ó di dandan kí ọ̀gá jókòó ti kọ̀ǹpútà, kó mọ ẹṣin náà níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń mọ amọ̀. Iṣẹ́ gan-an nìyẹn. Èyí tó kù, ọwọ́ ẹ̀rọ ló wà.

Bíìtì mílímítà 6 tó ní ẹnu pẹrẹsẹ ló kọ́kọ́ wọlé, ó ń yí ní ìgbà 18,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ó gé ohun tí a kò fẹ́ dànù, ẹṣin sì yọ bí àtẹ̀gùn. Bàbá gbójú sókè: "Ọnà lílé nìyẹn." Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére bíi Lámídì Fákẹ́yẹ, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Báńdélé ọmọ Àreògún, máa ń kà: ọnà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín. Bí ẹ̀rọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n so bíìtì tín-ín-rín tí orí rẹ̀ rí roboto mọ́ ọn, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń fi 0.3 mílímítà sún nígbà kọ̀ọ̀kan. Pákó wa jẹ́ mílímítà 600 sí 400. Ìlà tó lé ní 1,300 nìyẹn, ìrìn bíi 800 mítà. Bó bá ń rin mítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sí i. Iná lọ láàárín méjì. Bí kì í bá ṣe inífátà ni, ẹ̀rọ ìbá ti gbàgbé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà.

Nígbà tó parí, ẹwà rẹ̀ yà mí lẹ́nu, síbẹ̀ ojú mi kò kúrò lára apá ológun náà. Apá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pákó látòkè délẹ̀. Òkè nìkan ni bíìtì ti ń wọlé. Kò lè yí lọ sábẹ́ nǹkan. Mo rántí ilẹ̀kùn tí agbẹ́gilére Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn Wembley lọ́dún 1924, tó wà ní British Museum títí di òní. Àwọn ènìyàn ara rẹ̀ yọ síta débi pé àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára pákó. Ohun tó mú Ọlọ́wẹ̀ yàtọ̀ wà níbi tí irú ẹ̀rọ yìí kò lè dé.

"Ká gé e ní ìpele, ká gbẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan níwá lẹ́yìn, ká fi gọ́ọ̀mù pa wọ́n pọ̀," ni ọ̀gá wí. Ọ̀pọ̀ ère ńlá ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi orí. "Ojú ìpàdé á gba àárín ojú ológun kọjá. Ara igi kò ní bára mu."

A wá fẹnu kò. Ara ẹṣin àti ológun á wà bẹ́ẹ̀ lórí pákó. Wọ́n á gé apá tó di ọ̀kọ̀ mú kúrò, ẹ̀rọ á gbẹ́ òmíràn lọ́tọ̀ nínú ọmọ̀ tó ṣẹ́kù, ní tojú tẹ̀yìn, wọ́n á sì fi ìṣó onígi kàn án mọ́ èjìká. Ìjánu àti ilà ojú di ti Bàbá. Ó béèrè irú ilà tí ẹbí wa ń kọ, mo yà á sórí bébà fún un, a sì dúnàádúrà owó ọwọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ẹ̀rọ.