Áńpù Méjì fún Gìtá Kan

Ní ọdún 1975, iléeṣẹ́ Roland ti ilẹ̀ Japan gbé áńpù gìtá kan jáde, JC-120 ni wọ́n sọ ọ́. Sípíkà méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínṣì 12, áńpù oníwáàtì 60 sì ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí onígìtá bá tan chorus rẹ̀, sípíkà kan á gbé ohùn gìtá jáde bó ṣe wọlé gẹ́lẹ́. Èkejì á gbé ohùn yẹn kan náà jáde, àmọ́ ìró tirẹ̀ á máa yọ́ gòkè, á máa yọ́ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í pàdé nínú wáyà rárá. Inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń pàdé, kí wọ́n tó dé etí ẹni tó ń gbọ́. Ẹni tó bá jókòó síwájú áńpù náà lè búra pé gìtá méjì ló ń dún.

Roland nìkan kọ́ ló ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn onígìtá tọ́wọ́ wọn tẹ owó ti ń fi gìtá kan ṣoṣo wọ áńpù méjì: ọ̀kan tí ohùn rẹ̀ mọ́ tónítóní, ọ̀kan tí ohùn rẹ̀ ti ń ha díẹ̀. Ìyà tó wà nídìí ẹ̀ kò kéré. Vox AC30 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Fender Twin Reverb ti Amẹ́ríkà, kò sí èyí tó fúyẹ́ nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ju kílò 25 lọ dáadáa. Ti ariwo tún wà níbẹ̀. Bí áńpù méjì bá ń gba iná, tí wáyà earth ti so wọ́n pọ̀ láti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wáyà gìtá sì tún so wọ́n pọ̀ láti iwájú, hùùù kan á bẹ̀rẹ̀ tí kò ní í dákẹ́ títí ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì á fi parí.

Ẹ̀rọ tí àwọn olórin ń pè ní processor ló gba èjìká wọn sílẹ̀. Ní 1996, iléeṣẹ́ Line 6 ní California gbé AxSys 212 jáde, áńpù tó ń fi ìṣirò farawé àwọn áńpù àtijọ́. POD, àpótí pupa kékeré tó ṣeé gbé sórí tábìlì, tẹ̀ lé e ní 1998. Nígbà tí Helix wọn fi máa dé ní 2015, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́sẹ̀ ti lè gbé áńpù méjì, kọ́bọ́ọ̀dù sípíkà méjì àti máìkì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn náà ń ṣe irú rẹ̀: Kemper wà ní Jámánì, Quad Cortex ń ti Finland wá, Fractal sì ní onígbàgbọ́ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Helix ni àpilẹ̀kọ yìí máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ojú rẹ̀ máa ń fi ọ̀nà tí ohùn gbà hàn kedere.

Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sí válùfù tó ń mú ohùn le nínú àwọn áńpù àtijọ́, kò sí ohun tó ń gbóná pọ́n yòò. Ohùn gìtá ni wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ á sì ṣírò ohun tí válùfù ì bá ti fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe. Nítorí ọ̀rọ̀ àmì ìdánimọ̀ òwò, Helix kò ní í pe Vox ní Vox. Essex A30 ni AC30 ń jẹ́ níbẹ̀. US Double ni Twin Reverb.

Láti fi méjèèjì sẹ́nu iṣẹ́, kò le. Onígìtá á kọ́kọ́ fi Essex A30 sójú ọ̀nà, á wá mú US Double, á fà á sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà kejì. Bó ti fà á báyìí, ọ̀nà á pín fúnra rẹ̀: Split á yọ níwájú, Mixer á yọ lẹ́yìn, ohùn á máa gba òkè àti ìsàlẹ̀ kọjá nígbà kan náà. Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé. Wàhálà tó kù, inú etí ló wà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á pa áńpù ìsàlẹ̀, wọ́n á jókòó ti tòkè, wọ́n á fi béèsì sí i, wọ́n á fi tírẹ́bù sí i, títí á fi dùn mọ́ wọn nínú. Wọ́n á wá pa tòkè, wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún tìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá wá ṣí méjèèjì pọ̀, ohùn á máa rọ́ lu ara wọn: béèsì pọ̀ jù, tírẹ́bù ń gún létí, ohùn gìtá gan-an sì ti sá sẹ́yìn. Àwọn kan á ní ẹ̀rọ náà ni kò dáa. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Áńpù tó ti pé pérépéré fúnra rẹ̀ kò wá ẹnì kejì. Bí ẹlòmíì tó pé bíi tirẹ̀ bá dé, ìjà ààyè ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ lo méjì gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ díẹ̀.

Ìbàjẹ́ náà rèé. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí Essex A30 ń lò, kí onígìtá fi low cut gé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 250 Hz kúrò. Kí drive rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 6, kó máa ha. Bó bá dá dún báyìí, á tínrín bíi rédíò kékeré tí bátìrì rẹ̀ ti ń lọ. Ẹni tí kò mọ ìdí á fẹ́ pa á. Ní ti US Double, drive rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 3 lọ, kó máa dún gbangba, kí high cut sì gé ohun tó bá ti kọjá 4,500 Hz. Òun náà bó bá dá dún, á wúwo, ojú rẹ̀ á ṣú. Ṣí méjèèjì wàyí. Twin gbé ara ohùn náà, AC30 gbé eyín rẹ̀. Àmì tó fi hàn pé ìdàpọ̀ náà jóòótọ́ ni pé bí wọ́n bá pa èyíkéyìí, ẹni tó ń gbọ́ á mọ̀ pé nǹkan kan ti lọ, bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun tó jẹ́.

Ẹ̀tàn kan wà níbí tó yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún. Bí ohùn méjì tó dọ́gba pátápátá bá pàdé, agbára wọn á fi 6 dB lé sí i. Bí wọn kò bá jọra tó bẹ́ẹ̀, á tó 3 dB. Etí ọmọ aráyé sì máa ń ka ohùn tó le sí ohùn tó dára. Nítorí náà, ẹni tó ṣí áńpù kejì tó sì figbe ta pé “Háà, ó ti dáa!” lè máà tíì gbọ́ ohun mìíràn ju pé ó pariwo sí i. Kó lọ sínú Mixer, kó fa A àti B, ìyẹn ọ̀nà òkè àti ọ̀nà ìsàlẹ̀, sẹ́yìn ní 3 dB lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó dá ẹjọ́.

Ọ̀ràn kan tún wà tí àwọn áńpù àtijọ́ bí, tí kọ̀ǹpútà sì jogún. Ìpele válùfù tó wọ́pọ̀ jù nínú áńpù gìtá, ṣe ló ń dojú ohùn dé: ohun tó wọlé ní títì á jáde ní fífà. Bí áńpù kan bá ní ìpele mẹ́ta, tí èkejì ní mẹ́rin, ọ̀kan á máa ti sípíkà síwájú nígbà tí èkejì ń fà á sẹ́yìn. Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù wà nínú Twin Reverb fúnra rẹ̀, èyí tí Fender ṣe láàárín àwọn ọdún 1960. Ojú ọ̀nà méjì ló ní, Normal àti Vibrato, ìpele kan sì lé nínú Vibrato. Ẹni tó bá fi wáyà so méjèèjì pọ̀, tó rò pé òun fẹ́ jèrè ohùn ńlá, béèsì ló máa pàdánù. Ti Marshall Super Lead kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì tiẹ̀ kọjú síbì kan náà, ìdí nìyẹn tí àwọn onígìtá fi ń fi wáyà kúkúrú so wọ́n tí ohùn rẹ̀ sì ń kún.

Nínú Mixer ti Helix, B Polarity ni ohun tó ń bójú tó èyí. Kí onígìtá ta okùn tó nípọn jù, èyí tó ń dún ní 82 Hz, láìtẹ̀ ẹ́ níbì kankan, kó jẹ́ kó máa ró, kó wá yí B Polarity síhìn-ín sọ́hùn-ún. Níbi tí àyà rẹ̀ bá ti gbọ́ ọ jù, kó fi í síbẹ̀. Kò sí ìwé tó lè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àkókò pẹ̀lú máa ń da irú iṣẹ́ yìí rú. Ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú afẹ́fẹ́. Bí máìkì kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 34 jìnnà sí sípíkà ju èkejì lọ, ohùn tirẹ̀ á pẹ́ tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Àmọ́ ó tó láti pa ohùn tó wà ní 500 Hz, àti 1,500, àti 2,500, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sókè. Ẹni tó bá ń lo IR, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fi ká ohùn kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀, tó mú ọ̀kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan, tó mú èkejì lọ́wọ́ ẹlòmíì, lè kó sínú èyí láìmọ̀, nítorí pé ìjìnnà máìkì lè ti wà nínú fáìlì náà kó tó rà á.

Ibi tí òǹkọ̀wé yìí kò ti fara mọ́ ìmọ̀ràn tó pọ̀ jù ni ti ọ̀tún àti òsì. Wọ́n á ní kéèyàn ju áńpù kan sí apá òsì pátápátá, kó ju èkejì sí ọ̀tún, kó tilẹ̀ fi delay díẹ̀ dá ọ̀kan dúró kí ohùn lè fẹ̀. Nínú headphone, ó dùn débi pé ọwọ́ kì í fẹ́ kúrò lára gìtá. Ta wá ni headphone wà létí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti òde ìnáwó ní Èkó àti Ìbàdàn, wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n ń na sí onígìtá, ojú kan ni gbogbo sípíkà ti ń gba ohùn. Bí Helix bá rí i pé ihò Left/Mono nìkan ni wáyà wà, á kó òsì àti ọ̀tún pọ̀ fúnra rẹ̀. Delay tó mú ohùn fẹ̀ lánàá ni yóò wá máa jẹ ẹ́ nínú lónìí. Kí onígìtá tètè fi wáyà kan ṣoṣo gbọ́ ọ nílé, kó ṣètò rẹ̀ báyẹn, kó tó wá rántí ọ̀tún àti òsì. Chorus tó ní apá méjì kò sì gbọ́dọ̀ ṣíwájú áńpù, torí áńpù inú Helix kì í gbà ju apá kan lọ. Ẹ̀yìn Mixer ni ipò rẹ̀.

Nílé kan náà, kó má fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣe é. Láti 1933 ni Harvey Fletcher àti Wilden Munson ti fi hàn ní Bell Labs pé bí ohùn bá ṣe ń le sí i ni etí ń gbọ́ béèsì àti tírẹ́bù sí i. Ohùn tí wọ́n fi òru ṣe kí ọmọ má jí, á hó ràì bó bá dé orí sípíkà ńlá.

Onígìtá Yorùbá ti ní etí fún irú ètò yìí tipẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí áńpù wọ inú jùjú tí ohùn gìtá àti ti akọrin wá le, ni àyè tó yọ fún ìlù gángan láti wọlé láìbo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Nínú àwo Juju Music tí King Sunny Adé ṣe ní 1982, gìtá pọ̀ níbẹ̀, pedal steel ti Demola Adepoju sì ń fò kọjá lókè wọn. Bẹ́ẹ̀ kò sí gìtá kan níbẹ̀ tó ń gbìyànjú láti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán. Olúkúlùkù ní gbólóhùn kúkúrú tirẹ̀, á sọ ọ́, á yà fún ẹnì kejì. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan sọ́tọ̀, á fẹ́ẹ̀ẹ́ dà bí ohun tí kò parí. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń to gìtá jùjú kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé low cut fún un.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Gìtá jùjú tí à ń ta ní ṣókí ṣókí, tí ìka ń tètè pa okùn lẹ́nu, kò fi bẹ́ẹ̀ jèrè lára áńpù kejì. JC-120 kan tó mọ́ ti tó o, bóyá láìtan chorus pàápàá. Ẹni tí èrè náà wà fún ni onígìtá tó dá wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí kò sí ẹnì kejì tó máa bá a di ìsàlẹ̀ mú nígbà tó bá ń ta òkè.

Owó tí lílo áńpù méjì ń gbà ni agbára ẹ̀rọ. Áńpù wà lára ohun tó ń jẹ ẹ́ jù, Helix á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ orúkọ àwọn ohun tí kò lè gbé mọ́ di eérú lójú. Lórí HX Stomp, àbúrò rẹ̀ tó ti 2018 wà, kíá ni àyè ń kún. Ọ̀nà àbáyọ kan ni kéèyàn mú áńpù méjèèjì láìní kọ́bọ́ọ̀dù, kó wá fi kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo sẹ́yìn Mixer fún àwọn méjèèjì. Low cut àti high cut tó ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀ á di EQ kékeré lẹ́yìn áńpù kọ̀ọ̀kan. Ohùn wọn á sún mọ́ ara wọn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, lóòótọ́, ṣùgbọ́n wàhálà máìkì méjì tí àkókò wọn kò bára mu á kúrò ńlẹ̀, agbára á sì ṣẹ́ kù fún reverb, èyí tí kò sí olórí akọrin tó máa gbà kí wọ́n yọ kúrò.