Ìbẹ̀rù Tó Ṣìnà: Ọ̀rọ̀ Họ́mónù nínú Ìtọ́jú Ẹran Ọ̀sìn

Bí a bá dárúkọ Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, láàrin àwọn onímọ̀ ìlera, sòbìà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kọ́kọ́ rántí. Àrùn yìí a máa dá àgbẹ̀ dúró sílé ní àsìkò iṣẹ́ oko, a sì máa dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, bíi Joshua Adéníyì àti William Brieger, ń ṣiṣẹ́ ní ìlú náà, wọ́n bá àwọn ènìyàn tí wọ́n gbà pé inú ara ọmọ ènìyàn gan-an ni sòbìà ti ń wá. Omi adágún tí wọ́n ń pọn mu ni ó sì ń gbé e wọ ara. Ìbẹ̀rù wà, ṣùgbọ́n kò kọjú sí ibi tí ewu wà. Ìgbà tí ìmọ̀ tọ́ka sí omi, tí a ń fi aṣọ sẹ́ ẹ kí a tó mu ún, ni ọ̀nà là. Ọdún 2008 ni Nàìjíríà rí sòbìà kẹ́yìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Irú ìbẹ̀rù tó ṣìnà bẹ́ẹ̀ náà ni ó yí adìẹ àgíríìkì ká lónìí. Adìẹ ìbílẹ̀ lè lo oṣù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó tó pa. Adìẹ àgíríìkì kò ju ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lọ. Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ni pé abẹ́rẹ́ họ́mónù ni wọ́n fi ń wú u.

Kí ni họ́mónù? Ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni: ibì kan nínú ara ni a ti ń ṣe é, ibòmíràn ni ó ti ń jíṣẹ́. Họ́mónù ìdàgbàsókè jẹ́ èròjà tí ikùn máa ń dà bí ẹran jíjẹ, gẹ́gẹ́ bí insulin, èyí tí alárùn àtọ̀gbẹ kì í gbé mì bí kò ṣe pé kí ó gún un lábẹ́rẹ́. Nítorí náà, kò wúlò nínú oúnjẹ adìẹ. Ta ni yóò sì máa gún ẹgbẹ̀rún adìẹ lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ tí yóò jèrè?

Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n sin ìran adìẹ 1957, ti 1978 àti ti 2005 pọ̀, oúnjẹ kan náà ni wọ́n sì fún wọn. Ní ọjọ́ 56, ti 1957 wọn gíráàmù 905, ti 1978 wọn 1,808, ti 2005 sì wọn 4,202. Ẹ̀jẹ̀ ìran tí a ṣà láti ọdún dé ọdún ni ó fa ìyàtọ̀ náà.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù náà ní orísun. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi oògùn kan tí ń jẹ́ diethylstilbestrol sin adìẹ àti màlúù rí. Ní 1971, a rí i pé àwọn ọmọbìnrin tí ìyá wọn lo oògùn náà nígbà oyún lè ní irú àrùn jẹjẹrẹ kan. Ní 1979 ni wọ́n fi òfin de lílò rẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Títí di òní, Amẹ́ríkà gba họ́mónù láàyè fún màlúù tí a ń sìn fún ẹran. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà á.

Ibo wá ni ewu wà fún ẹni tó ń sin ewúrẹ́ tàbí màlúù ní Ìdèrè? Ọwọ́ tí ó di abẹ́rẹ́ mú ni kí a wò. Prostaglandin ni dókítà ẹran máa ń lò kí àwọn abo màlúù lè máa wá akọ lásìkò kan náà, kí gígùn wọn lè rọrùn. Oògùn yìí a máa gba awọ ara wọlé: bí ó bá kán sí aboyún lára, oyún rẹ̀ lè bàjẹ́, ó sì lè mú kí ikọ́ fée dìde sí ẹni tó ní in. Oxytocin a máa ran ẹran tó ń rọbí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dábùú nínú, ilé ọmọ lè fà ya. Dexamethasone a máa mú kí wíwú rọlẹ̀, ẹran a sì dà bí ẹni tí ara rẹ̀ yá, nígbà tí àrùn ń jà sí i lábẹ́lẹ̀. Bí oyún màlúù bá ti pẹ́, ó lè mú kí ó já.

Oògùn tó wúlò ni gbogbo wọn. Ẹni tí ó mọ ìwọ̀n wọn ni ó yẹ kí ó fi ọwọ́ kàn wọ́n. Ìyàwó ilé tí ó lóyún, tí wọ́n ní kí ó di ewúrẹ́ mú kí olóògùn ọjà lè gún un, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ju ẹni tí ń bẹ̀rù adìẹ àgíríìkì lọ. Ìyá náà kò mọ ohun tó wà nínú ìgò, kò sì sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún un.

Àwọn àgbà ní kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là ń ké sí. Ìdèrè mọ ìtumọ̀ òwe yìí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Kí abẹ́rẹ́ tó wọ ara ẹran, dókítà ẹran ni kí a ké sí.