Òjò Ká Wa Mọ́ Ọ̀nà Ìbòkun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Mo ti fi òwe yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láìmọye ìgbà kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2006.

Ọjà Ọba ní Òṣogbo, nítòsí ààfin Àtáọ́ja, ni mo ti gbéra. Mo ti ra ṣọ́ọ̀kì àti bírò pupa tán. Nínú àpò mi ni àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjìdínlógójì wà: mo ní kí oníkálukú béèrè ìtàn ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà ilé, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ojú ọ̀run ti ń ṣú, ọkọ̀ Ìbòkun kò sì tíì kún, ni mo bá gun ọ̀kadà.

Bí a ti ń fi ìgboro sílẹ̀ ni ilé ń dín, tí oko kòkó, ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ ń pọ̀ sí i. Ìbòkun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbòkun ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ìtàn so orúkọ náà mọ́ Ajíbógun, ọmọ Odùduwà, ẹni tó lọ bu omi òkun wá kí ojú bàbá rẹ̀ lè là. Ọbòkun wá omi lọ. Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, omi ló wá wa wá.

Ó kù díẹ̀ kí a dé ìlú náà nígbà tí a dé abúlé kan. Kòkó wà ní sísá sórí ẹní ní etí ọ̀nà, ìyá àgbàlagbà kan sì ń sáré kó o bí ìjì ti ń bọ̀. Ọlọ́kadà mi tẹ bíréèkì, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Àbúrò, ìwé ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́wọ́ mi o. Jẹ́ ká máa lọ," ni mo wí.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di ẹnu àpò mú."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo di í mú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kòkó yóò mọ ohun tí ìyá náà ń sá fún. Bí wọ́n bá ti fọ́ kòkó tán, wọn a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kí ó lè kan, kí wọ́n tó sá a sí oòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí òjò bá pa á lẹ́yìn náà, yóò bu, ẹni tó ń rà á yóò sì gé owó rẹ̀. Ìgbà ìkórè rẹ̀ gan-an sì ni àrọ̀kúrò òjò máa ń dé.

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Owó WAEC ọmọ mi ló wà nínú àpò tí ẹ dì mú yẹn."

Ojú tì mí.

Òjò dé kí a tó wọlé tán. Àpò mi rin, tàdáwà sì ti ń ṣàn lórí ìwé mẹ́rin. Ìyá dá iná, ó sá àwọn ìwé náà síwájú ààrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn padà bí ẹni ń yí kòkó. Ó ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun. Mo ka ọ̀kan, èyí tí ọmọkùnrin kan kọ nípa bàbá àgbà rẹ̀ tó jẹ́ òṣómàáló, aláṣọ Ìjẹ̀ṣà tó ń tajà láwìn káàkiri. Ọmọ náà kọ ọ́ pé wọ́n ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n máa ń bá onígbèsè jà.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ pé ìjà ni? Bàbá tèmi ṣe é. Òṣó ni wọ́n ń ló sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò ní dìde títí yóò fi sanwó. Sùúrù ni, kì í ṣe ìjà."

Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí etí ìwé náà.

Nígbà tí òjò dá, a tún gbéra nínú ẹrẹ̀. Méjì nínú ìwé mẹ́rin náà kò ṣeé kà mọ́. Mo sọ fún àwọn tó kọ wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n, mo sì ní kí wọ́n padà lọ bi àwọn àgbà náà. Ọ̀kan mú ìtàn tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wá. Èkejì kàn ń wò mí: màmá àgbà rẹ̀ ti kú ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Èmi àti ọmọ náà jókòó, a kọ ìwọ̀nba tó rántí.

Mo ti rò ó títí bóyá à bá ti ṣáájú òjò délé ká ní a kò dúró. Síbẹ̀, n kò lè sọ pé kí a má dúró. N kò mọ iye tí ìyá náà ta kòkó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kòkó etí ọ̀nà ni ìtàn tó wà lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹ tètè kó o, ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí òjò tó dé.