Orúkọ Ta Ló Wà Lára Ọkọ̀ Náà?

Ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ Tòkunbọ̀ tó bá wà níwájú yín nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Ìkòròdú. Àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wà láàárín bùútù. Ní igun kan nísàlẹ̀, ẹ ó sábà rí orúkọ míì tí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ, orúkọ ìdílé kan, tàbí ti ìlú kan ní New Jersey tàbí Georgia. Nígbà míì, ara férémù tó di nọ́ńbà ọkọ̀ mú ló máa ń wà. Dílà tó ta ọkọ̀ náà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun ló ni orúkọ yẹn. Ọkọ̀ ti kọjá òkun, ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á, síbẹ̀ ó ṣì ń bá dílà náà polówó kiri Èkó.

Lára irin, orúkọ méjèèjì kò bá ara wọn jà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ ti le.

*

Dílà ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀. Oníṣòwò ni, tó ń dá dúró. Òun ló ń wá ilẹ̀, òun ló ń gba òṣìṣẹ́, òun ló ń yá owó tó fi ń kó ọkọ̀ wọlé, tí èlé sì ń gorí owó náà títí ọkọ̀ yóò fi tà. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó bá ti ní dílà kò gbọdọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ kó máa ta ọkọ̀ tuntun fún aráàlú fúnra rẹ̀. Tesla kò ní dílà rárá, ilé-iṣẹ́ ńlá rẹ̀ sì wà lẹ́bàá Austin ní Texas, síbẹ̀ òfin Texas kò jẹ́ kó ṣí ilé ìtajà bíi ti dílà níbẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ará Texas ti ń ra ọkọ̀ tí wọ́n tò lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Ní ọdún 1956, ìjọba àpapọ̀ tún ṣe òfin kan tó fún dílà lágbára láti pe ilé-iṣẹ́ lẹ́jọ́ bó bá fi ìwà àìtọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn, NADA, ti wà láti ọdún 1917, ọ̀rọ̀ wọn sì ń wọlé létí àwọn aṣòfin.

Ohun kan ṣoṣo tí dílà kò ní ni orúkọ tó ń tà. Ẹlòmíì ló ni ín, ẹni tó sì ni orúkọ ló ń ṣòfin bí wọn yóò ṣe máa lò ó.

*

Ìwé òfin náà máa ń nípọn. Ó yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ dé ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka méjì yóò rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Lógò kò gbọdọ̀ kéré ju báyìí lọ. Àyè òfìfo gbọ́dọ̀ yí i ká, wọ́n á sì sọ bí àyè náà ṣe fẹ̀ tó. Àwọ̀ pupa rẹ̀ ní nọ́ńbà. Pupa tó fara jọ ọ́ kò tó. Ẹ má dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má fi òjìji sí i lábẹ́. Bí ẹ bá ń ta ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì, ẹ má gbé wọn sójú ewé kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ wa wà nínú àdírẹ́sì ìkànnì yín, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ. Ẹ má fi àwòrán ọkọ̀ ọdún tó kọjá polówó ti ọdún yìí.

Owó ni wọ́n fi ń de òfin náà mọ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ máa ń ya owó ìpolówó sọ́tọ̀ fún dílà. Dílà á kọ́kọ́ ná tirẹ̀, á wá kó rìsíìtì àti àwòrán ojú ìkànnì ránṣẹ́, kí wọ́n lè dá apá kan padà fún un. Ẹnìkan á jókòó ti àwòrán náà, á máa wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Bí lógò bá ti sún mọ́ ọ̀rọ̀ jù, tàbí tí àlàyé tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, wọ́n lè dá ìwé padà, owó náà á sì di ti dílà nìkan.

N kò rí àbùkù nínú kí èèyàn dáàbò bo orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ra ayédèrú bíréèkì tí wọ́n dì sínú páálí orúkọ gidi mọ ìdí tí lógò fi ṣe pàtàkì. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìṣọ́ra tí wọ́n ń ṣe lórí àmì, wọn kì í ṣe é tó bẹ́ẹ̀ lórí iye owó.

*

Ẹ ṣí ìkànnì dílà kan ní Houston, kí ẹ sì ṣí ti dílà míì ní Atlanta tó ń ta ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá àwòrán ọkọ̀ kan náà lójú ọ̀nà orí òkè kan náà, àti àlàyé kan náà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n dà bí ẹbí tó wọ aṣọ ẹbí. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń fún dílà ní orúkọ àwọn díẹ̀ tó lè bá a ṣe ìkànnì, àwọn wọ̀nyí náà á sì mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo, wọn á máa pààrọ̀ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù. Google kò ní ìdí tó fi máa gbé ọ̀kan ga ju èkejì lọ.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Dílà tó bá ní làákàyè kò ní fọwọ́ kan lógò, á gba ibi tí ìwé òfin kò dé. Á ya fọ́tò ọkọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú àmì ìka lára ilẹ̀kùn rẹ̀ àti máìlì tó ti rìn. Á gbé ojú mẹkáníìkì rẹ̀ síbẹ̀, á sì kọ iye tí pípààrọ̀ ọ́ìlì jẹ́ àti bóyá wọ́n ń ṣí lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí èèyàn ń wá gan-an nìyẹn. Irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá rí ọ̀kan.

*

"Tẹ ibí kí o lè rí iye rẹ̀." Kí ló dé tí wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀?

Nígbà míì, ẹ̀tàn ni: wọ́n fẹ́ gba nọ́ńbà fóònù yín. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, òfin ilé-iṣẹ́ ló fà á. Ilé-iṣẹ́ kan lè sọ pé dílà tó bá polówó ọkọ̀ ní iye tó kéré ju báyìí lọ kò ní rí owó ìpolówó gbà. Ní ìparí ọdún 2011, Honda kìlọ̀ irú èyí fún àwọn dílà rẹ̀ tó ń fi iye tó kéré sí ti invoice, ìyẹn iye tí ilé-iṣẹ́ kọ fún dílà, síta lórí TrueCar, ìkànnì tí èèyàn ti ń fi iye ọkọ̀ wéra. Nígbà tó di ọdún 2012, TrueCar tún ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹ kíyè sí i pé ìpolówó ni òfin náà dè. Kò de títà. Dílà lè dín iye kù fún yín bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí tí ẹ bá kọ ìwé sí i, torí náà ẹni tó bá gba iye ojú ìkànnì gẹ́gẹ́ bí òpin ọ̀rọ̀ ti gé owó ara rẹ̀.

Ìdàkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà tí chip ọkọ̀ di ọ̀wọ́n gógó, láàárín ọdún 2021 sí 2022. Dílà ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lé iye tí ilé-iṣẹ́ dábàá. Ní oṣù Kìíní 2022, Ford àti GM kọ̀wé ìkìlọ̀. Wọn kò lè pàṣẹ iye, torí dílà ló ni ọjà lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n dín ọkọ̀ tí wọn yóò kó fún un kù.

*

Bébà tó wà lára gíláàsì ọkọ̀ tuntun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìpolówó ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Sẹ́nétọ̀ Mike Monroney láti Oklahoma ló ṣagbátẹrù òfin rẹ̀ ní ọdún 1958, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é títí dòní. Iye tí ilé-iṣẹ́ dábàá wà níbẹ̀, àwọn nǹkan tí wọ́n fi kún ọkọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye ẹyọ kọ̀ọ̀kan, owó ìkẹ́rù náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ọ́. Kò lẹ́wà, ẹnikẹ́ni ló sì lè kà á. Àwọn ìkànnì kan ti ń gbé àwòrán bébà yìí síta báyìí fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí gbogbo wọn máa ṣe bẹ́ẹ̀.

*

Ọ̀rọ̀ wínníwínní ìsàlẹ̀ ewé. Láti ọdún 1968 ni òfin ẹ̀yáwó ti wà pé bí ìpolówó bá dárúkọ iye tí èèyàn yóò máa san lóṣooṣù, ó gbọ́dọ̀ sọ owó àkọ́san, iye oṣù tí wọn yóò fi san án àti èlé ọdún kan. Wọ́n ń sọ ọ́ lóòótọ́, nínú lẹ́tà tí àgbàlagbà kò lè kà lórí fóònù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó ìwé kíkọ tí dílà ń gbà. California kò jẹ́ kó ju 85 dọ́là lọ. Florida kò fi ààlà kankan sí i, ó sì máa ń tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ìkànnì wé ìkànnì láti ìpínlẹ̀ méjì, ohun tí kò dọ́gba ló ń wọ̀n.

Àjọ FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Ní oṣù Kejìlá 2023, ó gbé òfin kan jáde pé dílà gbọ́dọ̀ kọ iye tí ẹnikẹ́ni lè fi ra ọkọ̀ náà, tí kò ní ku ohunkóhun àyàfi owó ìjọba. NADA àti ẹgbẹ́ dílà Texas pè é lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan sì wọ́gi lé òfin náà ní oṣù Kìíní 2025, nítorí pé àjọ náà fo ìgbésẹ̀ ìkéde kan tí òfin tirẹ̀ là kalẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé ẹ̀tàn dára. Ṣùgbọ́n oníbàárà ló pàdánù.

*

Bí ilé-iṣẹ́ bá lè dá owó dílà dúró torí àyè tó yí lógò ká, ó lè dá a dúró torí owó tí dílà fi pa mọ́ pẹ̀lú. Kò ní pàṣẹ iye fún un. Yóò kàn sọ pé iye yòówù kó jẹ́, kó pé sójú ewé. Mo gbà pé èyí ni òfin orúkọ tó kù tí wọn kò tíì kọ, torí pé bí wọ́n bá rẹ́ oníbàárà jẹ, orúkọ ilé-iṣẹ́ ló máa ń bú nílé.

Títí wọn yóò fi kọ ọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń ra ọkọ̀ fún ara yín tàbí fún ará ilé, ẹ béèrè àpapọ̀ owó, èyí tí àwọn dílà ń pè ní out-the-door. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ nínú ímeèlì, kí nọ́ńbà ṣáṣí ọkọ̀ náà gan-an wà nínú rẹ̀, kí ẹ tó kúrò nílé. Dílà tí kò bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ kọ̀wé sí ẹni tó tẹ̀ lé e.